Ẹni Kejì Nínú Ìwé Wọ́ọ̀dù

Ẹ bá mi kí Olúwa kú iṣẹ́! Ẹ ò kí i dáadáa, ẹ tún un kí! Ẹ ṣé o.

Fún àwọn tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Fẹ́mi, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, ní Ọ̀rà. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko rèé tí mo ti jókòó láàárín yín gbẹ̀yìn. Àwọn tó lóyún nígbà náà ti bí i, èmi náà ni mo gbẹ̀bí wọn. Àwọn ọmọ yín mọ abẹ́rẹ́ mi ju ojú mi lọ!

Ní iṣẹ́ tiwa, nọ́ọ̀sì kì í kàn dìde kó máa lọ sílé. Ẹni tó ń lọ á kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn aláìsàn báyìí báyìí ni mo fi sílẹ̀, á fọwọ́ sí i. Ẹni tó dé náà á fọwọ́ sí i pé òun ti gbà wọ́n. Bí kò bá sẹ́ni tó gbà wọ́n, o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù wa ò ju owó ọ̀kadà lọ. Ọ̀kan gba Èkó lọ, ọ̀kan fẹ̀yìn tì, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Ó wá ku èmi àti Sístà Bọ́lá. Ọmọ yẹn! Kò ní tíì gbé báàgì kúrò léjìká tí á ti máa pariwo, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbà á, ẹ lọ sinmi!" Nígbà tí físà òkè òkun rẹ̀ jáde, èmi ni mo kọ́kọ́ jó. Mo délé, mo sunkún.

Ó ku èmi nìkan, àwọn ọ̀gá sì ní ìwé náà kò gbọdọ̀ ṣófo. Kí ni kí n ṣe? Láràárọ̀, màá kọ ọ́ pé Ìyá Fẹ́mi fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún Ìyá Fẹ́mi. Màá fọwọ́ sí i níbí, màá tún fọwọ́ sí i lọ́hùn-ún. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, màá gbọ́ orin yín lójú fèrèsé, màá sì máa bá yín gbè é. Aláboyún kan tó ń rọbí ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbẹ̀bí mi ná!" Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Àárò yín sọ mí o, ó sọ mí gan-an. Àdúrà mi ò ju ẹyọ kan lọ: Bàbá, kí n tún gbọ́ ohùn ẹnìkan tó máa sọ pé òun ti gbà á.

Ẹ gbọ́ ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà! Màmá kan, ọ̀gá wa láti ìjọba ìbílẹ̀, wá wo ìwé. Wọ́n ṣí i, wọ́n ṣí i, ojú wọn le. "Ìyá Fẹ́mi, ìwọ lo ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ? Irọ́ lo ń kọ sínú ìwé ìjọba!" Kúẹ́rì dé, ìwé pé kí n wá wí tẹnu mi! Wọ́n ní kí n dáhùn lójú ẹsẹ̀. Yéè! Mo ní Jésù, bí wọ́n bá lé mi, ta ni yóò gbẹ̀bí àwọn èèyàn yìí? Ìlà kan ṣoṣo ni mo rí kọ: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ ta ni ǹ bá kọ síbẹ̀?"

Màmá kà á. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní, "Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ lọ́fíìsì pé nọ́ọ̀sì ò tó níbí, wọn ò dá mi lóhùn. Ìwé yìí gan-an ni màá gbé ka iwájú wọn."

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan sọ̀ lórí ọ̀kadà láti Ìlá, tòun ti ẹní àti báàgì. Ràfíátù lorúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó gba bírò lọ́wọ́ mi. "Ẹ máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mà. Mo ti gbà wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ ó dúró fún mi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀." Mo ní kó tún un sọ!

Owó oṣù yẹn ò tíì yí padà o. Òun náà lè lọ bí Bọ́lá ṣe lọ, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Ẹni tó bá ní yàrá, kó fún un. Ẹni tó bá wa iṣu, kó rántí rẹ̀. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Ẹ wo fóònù mi lọ́wọ́ mi. Látìgbà tí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, kò dún rárá, wọn ò pè mí sí wọ́ọ̀dù. Ògo ni fún Ọlọ́run! Ẹ dìde, ẹ dá orin, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti fẹ́ gbè é lónìí, kì í ṣe lójú fèrèsé.