Ìyàwó Tó Wọ Aṣọ Tuntun

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí, àwọn olùkọ́bìnrin méjì jókòó síwájú mi, àbúrò inú wọn gbé kọ̀ǹpútà lé itan.

"Àǹtí, ọ̀la ni wọ́n ń retí iṣẹ́ mi. Ìtàn Hébérù tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń túmọ̀ sí Yorùbá. Ìyàwó wọ aṣọ tuntun, ìyá ọkọ ní, 'Di tuntun!' Mo ti túmọ̀ rẹ̀ sí èébú, bíi pé ó ní ìyàwó ti gbó."

"Kí ni ìyàwó wá ṣe?"

"Ó dì mọ́ ìyá ọkọ."

"Ta ní í dì mọ́ ẹni tó bú u? Ìwọ ńkọ́, nígbà tí o kọ́kọ́ wọ aṣọ òfì rẹ, kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ẹ̀mí mi á lò ó."

"Ṣé wọ́n rò pé o fẹ́ kú ni? Àdúrà ni 'Di tuntun' náà, jàre."

Èmi tí mo ti ń kó àwọn àbá lórí iṣẹ́ ìtumọ̀ tí mo kà ní yunifásítì jọ sẹ́nu, mo gbé gbogbo wọn mì. Àbúrò pa èébú náà rẹ́, ó tẹ òmíràn, ó sì kà á sókè: "Ìyàwó mi, ẹ̀mí rẹ á lò ó."

"Àmín o!" ni dírẹ́bà dáhùn.