Orúkọ Mùínà Tí Mo Yọ Nínú Orin Ìyá Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Tí mo bá sọ ọ́ tán tí èébú ṣì wà lẹ́nu yín, màá gbà á.

Aṣọ kan wà lára ìṣó nínú yàrá mi níbí, ní Ìlọrin. Àlùkíńbà funfun ni, aṣọ gbọọrọ tí wọ́n máa ń gbé wọ ọmọ lọ́jọ́ wólímọ̀, ọjọ́ tí ọmọ tó ti parí Àlùkùráánì máa kà á níwájú ẹbí àti ará. Kì í ṣe tèmi. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e fún ẹnì kan ni. Mo mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n mi ò lè dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tó rán mi. Ọ̀rọ̀ náà ti wú mọ́ mi nínú, mi ò lè gbé e mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló rán mi. Ìyá Mùínà là ń pè é. Òun ló tọ́ mi dàgbà, nítorí àwọn òbí mi ń dáko ní Òkè-Oyì, wọ́n sì fẹ́ kí n kàwé nígboro. Ọkà bàbà àti ẹ̀wà ló ń tà ní ọjà Ìpàta. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àǹtí Mùínà, tó máa ń fà mí lọ́wọ́ lọ sílé kéwú, tó sì máa ń ki gúgúrú bọ̀ mí lápò kí n má bàa sunkún lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo ní kí n sọ ìyẹn kí ẹ tó gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí Àǹtí Mùínà fẹ́ parí Àlùkùráánì, ìyá rẹ̀ kọ orin wákà fún un. Bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Ìyá á kọ orin fún ọmọ rẹ̀, á fi orúkọ ọmọ náà síbi tó dùn jù nínú rẹ̀, àwọn obìnrin ilé á sì máa pàtẹ́wọ́ sí i. Orin ọmọ yẹn ni, wọn kì í kọ ọ́ fún ọmọ ẹlòmíì. Ìyá Mùínà kò mọ̀wé, kò sì kéwú jìnnà. Ohun tó kọ ni pé:

Mùínà dé'bi tí mi ò dé,
Ẹ bá mi yọ̀.
Ohùn ọmọ mi rè é lórí Àlùkùráánì,
Ẹ bá mi yọ̀.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí ìyá bá ń fẹ́ ọkà, á máa kọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Àǹtí Mùínà nílé kéwú ti kọ́ ègbè rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Wọ́n ti rán àlùkíńbà. Ni ibà bá mú un. A rò pé ibà lásán ni. Kí ọjọ́ wólímọ̀ tó pé, Àǹtí Mùínà ti kú, a sì ti sin ín.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò kọ orin yẹn nílé wa mọ́. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ, a kàn dákẹ́ ni. Àwa ń pe ìyá ní Ìyá Mùínà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, á ní "ẹni yẹn." Èmi náà dàgbà, orin náà sì wà nínú mi níbi tí mo fi í sí.

Iṣẹ́ orin ni mò ń ṣe báyìí. Ẹ má rò pé gbajúmọ̀ kan ni mí o. Yàrá kékeré kan ni mo ní lẹ́bàá Ọjà Tuntun, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti máìkì, mo máa ń bá àwọn olórin ṣe bíìtì, ìyẹn ìlù tí wọ́n máa kọrin lé lórí. Lọ́dún tó kọjá, Àǹtí Fúnmi wá bá mi níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan ló ń ṣe fíìmù kàtúùnù tí tọmọdé tàgbà lè jókòó wò nílé. Fíìmù náà dá lórí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan tó ń jẹ́ Kùẹ́kù. Ìyá àgbà Kùẹ́kù ń bẹ̀rù odò, kò gbà kí ọmọ náà lúwẹ̀ẹ́. Níkẹyìn, Kùẹ́kù lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì, ìyá àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó létí odò. Ijó yẹn ni wọ́n ń wá orin fún.

Rẹ́gẹ́tọ́ọ̀nù ni Àǹtí Fúnmi fẹ́. Orin àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì lókè òkun ni, èyí tí ìlù rẹ̀ máa ń dún gbì, ka-gbì-ka, gbì, ka-gbì-ka. Ó ní àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kì í lè jókòó tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ. Ìlù yẹn kò ni mí lára. Orin tí mo fẹ́ kọ lé e lórí ló dà mí láàmú. Mo kọ ọ̀kan, Àǹtí Fúnmi ní ó tutù. Mo kọ òmíràn, ó ní ó dà bí ìpolówó ọṣẹ. Mo bínú, ṣùgbọ́n mo tún un gbọ́, ìpolówó ọṣẹ ni lóòótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tan ìlù náà, mo kàn ń pàtẹ́wọ́ sí i. Àtẹ́wọ́ wákà àwọn ìyá ilé wa ni ọwọ́ mi ń pa. Ó bọ́ sínú ìlù náà bí ẹsẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú bàtà tó bá a mu. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti ń kọ ọ́. Mùínà dé'bi tí mi ò dé. Orí mi wú. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn nínú orin.

Ǹ bá dúró níbẹ̀. Mi ò dúró. Mo yọ Mùínà, mo fi Kùẹ́kù síbẹ̀. Mo yọ Àlùkùráánì, mo fi odò síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí mo ṣe. Orúkọ ọmọ tó ti kú ni mo yọ, orúkọ pẹ́pẹ́yẹ ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń ṣe é, nítorí orin náà dùn.

Nígbà tí Àǹtí Fúnmi gbọ́ ọ, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Haa! Ta ló ni orin yìí?"

Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́, àǹtí. Ó kàn ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn ni."

Mi ò ní sọ fún yín pé iṣẹ́ èṣù ni. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní ìyá kan nílé wa ló ni ín, wọ́n máa ní kí n lọ tọrọ rẹ̀. Mi ò mọ ojú tí mo fẹ́ fi wo Ìyá Mùínà kí n tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Mo sì tún fẹ́ kí wọ́n yìn mí, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Ó ti pẹ́ tẹ́nìkan ti yìn mí.

Fíìmù náà jáde nígbà ìsinmi Iléyá, orin náà sì gba ìgboro. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń gbé e kọjá. Àwọn ọmọ ń jó o níwájú yàrá iṣẹ́ mi, wọ́n ń ju ìdí bíi pẹ́pẹ́yẹ. Orúkọ tí mò ń jẹ́ nídìí iṣẹ́ ni wọ́n kọ síparí fíìmù, ará ilé wa ò mọ̀ ọ́n, nítorí náà àṣírí mi bò. Ṣùgbọ́n mi ò lọ kí Ìyá Mùínà mọ́. Tó bá pè mí lórí fóònù, màá ní iṣẹ́ pọ̀. Ìyá tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti sùn ni mò ń sá fún o.

Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n wá kíákíá. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo kọ́kọ́ ya mọ́ṣáláṣí.

Mo bá a lágbàlá, ó ń ṣa ẹ̀wà, àwọn ọmọ ilé yí i ká. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n dìde tán tó fi ní kí àwọn ọmọ náà kọrin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kùẹ́kù dé'bi..." Ìyá gbọ́wọ́ sókè.

"Kí ni mo ní kẹ́ ẹ máa pè níbẹ̀ yẹn?"

Gbogbo wọn pariwo pé, "Mùínà!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ṣe é bó ṣe yẹ."

Wọ́n kọ ọ́. Mùínà dé'bi tí mi ò dé. Ìyá ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀. Èmi náà bú sẹ́kún. Ó rò pé nǹkan kan náà ló ń pa àwa méjèèjì lẹ́kún.

"Àkànní mi, o gbọ́ ọ àbí?" ó ní. "Inú fóònù ọmọ aládùúgbò ni mo ti gbọ́ ọ. Mo rò pé etí mi ni. Àlùhàmúdùlíláì! Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ nílé kéwú ló gbé e jáde, kò lè jẹ́ ẹlòmíì. Wọ́n ṣì ń rántí ọmọ mi. Orúkọ ẹ̀ àti ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì nìkan ló gbàgbé, ó ti pẹ́ kẹ̀. Mi ò bínú."

Ó wọlé, ó gbé àlùkíńbà náà jáde. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, síbẹ̀ òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ lo mọ àwọn olórin. Bá mi wá ọmọ náà kàn. Ní kó gbà á, kọ́mọ ẹ̀ fi ṣe wólímọ̀. Sọ fún un pé kò sí ìrun tí mo kí tí n ò ṣàdúà fún un. Ọlọ́hun á fún un ní làádá."

Mo ní, "Màá wá a, ìyá." Mo tún purọ́ kún irọ́.

Mo ti sọ ọ́ fún Àǹtí Fúnmi. Ó bínú sí mi gidigidi. Ó ní, "O ò bá sọ fún mi. À bá jọ lọ kúnlẹ̀ fún màmá ni." Ó ní àwọn máa fi orúkọ ìyá sínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n òun ò ní bá mi lọ sọ ọ́. Ó ní ẹnu mi ló gbọ́dọ̀ ti jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí pé ìyá máa ṣépè fún mi. Kò lè ṣépè fún mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó ti ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ báyìí. Àwọn tó jókòó tì í ní Ìpàta sọ fún mi pé ó máa ń kọ orin náà bó bá ń wọn ọkà fún oníbàárà. Inú rẹ̀ dùn nítorí ó gbà pé ẹnì kan wà níbì kan tí kò gbàgbé Mùínà. Tí mo bá lọ sọ fún un pé kò sí ọ̀rẹ́ kankan, pé ọmọ tí òun fọwọ́ ara òun tọ́ ló mú orin náà tó sì nu orúkọ kúrò, ṣé kò ní tún dákẹ́?

Ẹlòmíì nínú yín máa ní kí n wá obìnrin kan fún ní àlùkíńbà náà, kí n sì pa ẹnu mọ́. Mo ti rò ó. Mo tiẹ̀ ti ká aṣọ náà sínú báàgì lọ́jọ́ kan. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà wọlé, mo tún gbé e kọ́.

Láàárọ̀ yìí, ìyá pè mí. "Àkànní, ṣé o ti rí i?" Mo ní mo ṣì ń wá a. Ó ní kí n má jẹ́ kó sú mi, ó ní ẹni tó fẹ́ràn ọmọ òun tó báyẹn, Ọlọ́hun á fojú wa rí i. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wo àlùkíńbà náà lára ìṣó. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò gbàgbé rẹ̀ rí. Nínú gbogbo ohun tí mo jẹ́ kí ìyá gbà gbọ́, ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí a bá ti kírun tán, màá gbé aṣọ náà padà lọ bá a. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ? Mo mọ̀ pé kí n tó jókòó ló máa bi mí bóyá mo ti rí ẹni náà. Ẹ bá mi ṣàdúà kí n lè wò ó lójú, kí n sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, òun ló dọ̀bálẹ̀ síwájú yín yìí.