Ìjókòó Iwájú Tí A Fi Bu Ọlá fún Màmá

Màmá, ìyá ọkọ mi, já bọ́ lára jíìpù wa ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú nígbà tó ṣubú. Láti ìgbà náà, ara àwọn ará ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò yá mọ́ mi mọ́. Àǹtí Sìdí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, kì í dáhùn bí mo bá kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Aṣọ ni Làmídì ọkọ mi ń tà ní Ìdúmọ̀tà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà ní oko ọ̀pẹ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní apá Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà oko náà burú jáì. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á mu táyà dé ìdajì, kùkùté igi á sì máa ha abẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ará oko fi okùn fà wá jáde lẹ́ẹ̀kan, Làmídì gbé jíìpù náà lọ bá mẹkáníìkì. Wọ́n fi sípíríngì tó le gbé e sókè, wọ́n fi táyà ràgàjì sí i, wọ́n sì yọ irin ìtẹ̀sẹ̀ iwájú dànù nítorí kùkùté ti tẹ̀ ẹ́ wọ́. Ìtẹ̀sẹ̀ kékeré kan ṣoṣo ló kù, lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí àwọn alágbàṣe oko ń gbà wọlé.

Ní ọ̀nà oko, ọkọ̀ náà dùn ún gùn bí ẹṣin. Ó ń gun òkìtì, ó ń la ẹrẹ̀ kọjá, Làmídì á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lórí ọ̀dà títì Adéníjì Adélé ní Èkó ńkọ́? Táyà á máa hó bí ẹ̀rọ ọlọ, ọkọ̀ á máa fì ní gbogbo ibi tí a bá ti yà, bírékì kì í sì í tètè mú un dúró. Èmi á di àga mú, màá máa ka kálímà bí ẹni tó ń kú lọ.

Orúnkún Màmá kò fẹ́ràn àtẹ̀gùn mọ́, àmọ́ kò ní ṣàì bá wa lọ ṣe àdúà ní sàréè ọkọ rẹ̀ lóko. Ibo la ó fi í sí? Ìyàwó wo ló máa jókòó síwájú kí ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn? Ta ló máa wò ó lójú, kó ní kó gba ọ̀nà àwọn alágbàṣe? A gbé àpótí sílẹ̀ fún un níwájú, ó ń gùn ún wọlé. Àwọn ọmọ àdúgbò á pariwo pé, "Àlàájà, ẹ de bẹ́líìtì o, bàálù yín fẹ́ gbéra!" Màmá á ní, "Tí mo bá dé Mẹ́kà, mo máa bá yín kí wọn!"

Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, sìmẹ́ńtì orí gọ́tà ń yọ̀. Màmá gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, àpótí yẹ̀ lábẹ́ èkejì. Mo dì í mú, apá mi kò ká a. Àǹtí Sìdí kígbe láti ojú fèrèsé: "Ìyàwó, o ti pa ìyá wa!"

Ní ọsibítù, Làmídì ń sunkún. Màmá wò ó títí.

"Làmídì, ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn kò ní ìtẹ̀sẹ̀ ni?"

"Ó ní, Màmá. Àwọn alágbàṣe ló wà fún."

"Èmi tí mo fi orí ru epo láti oko yẹn lọ sí ọjà? Ẹ̀yìn ló wù mí láti ọjọ́ yìí. Mo rò pé ẹ ó ní mo kọ ọlá tí ẹ ṣe fún mi ni."

Ha! Àwọn àgbà ní kí a má fi ìtìjú kárùn. Gbogbo wa nínú ilé yìí la fi kó o. Làmídì ní bí òun bá sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, a kò ní lè dé oko mọ́, a kò sì ní lè dé sàréè. Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ kó tà á ni? Àbí kí n lọ sọ ohun tí Màmá wí fún Àǹtí Sìdí, ṣé kò wá ní dà bíi pé mo ń ti ẹ̀bi sí aláìsàn lọ́rùn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ máa bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ jókòó sí.

Làmídì ti ṣe ìtẹ̀sẹ̀ mìíràn síwájú, èyí tí a lè tú kúrò bí a bá dé ọ̀nà oko. Jíìpù náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá kò tíì lè dìde dúró.