Bàámi Kọ̀, Wọn Ò Wọnú Dífídì

Háà, má gé fóònù o, àbúrò mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, rín ẹ̀rín rẹ tán kó o gbọ́ mi! Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni mo ní mi ò nílò rẹ. Èmi ni mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó o fi ń jẹun yìí, kí ló wà níbẹ̀? Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò fún ọgbọ̀n ọdún! Ó dáa, ojú mi ti já a báyìí.

Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ ṣe? Fídíò Bàámi yẹn náà ni, èyí tá a fi fóònù ká lọ́dún tó ṣáájú ikú wọn. Dókítà ní ojú Màámi ò ní pẹ́ ṣú pátápátá, Màámi sì ní àfi kí àwọn rí ojú ọkọ àwọn lórí tẹlifíṣọ̀n kó tó ṣú, nínú dífídì tí ọkọ àwọn fọwọ́ ara wọn rà fún àwọn. Fóònù ńkọ́? Wọ́n ní ọkọ àwọn ò kéré tóyẹn!

Mo bá da fídíò sórí àwo, mo kì í bọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan. Mo ní irọ́ ni. Mo pa lẹ́tà tó wà nídìí orúkọ fídíò rẹ́, mo kọ irú tàwọn àwo tó ń ṣiṣẹ́ sí i. Yé rín! Àfi bí ẹni kọ "ṣúgà" sára agolo iyọ̀, tó wá ń retí kí tíì dùn.

Ìgbà yẹn ni mo gbé fóònù dúró, mo ká fídíò ara mi níwájú ẹ̀rọ, pé kí n fi ránṣẹ́ sí ẹ kó o rí ohun tó ń kọ sójú. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n fi ránṣẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ Bàámi ló wà lọ́rùn mi, fìlà òtútù wọn ló wà lórí mi, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń fọwọ́ méjèèjì bẹ irin!

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan fún mi ní ohun tí wọ́n fi ń yí fídíò padà sí irú tí dífídì lè gbé jáde. Ó yí i láti àárọ̀ dọ̀sán, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki áyọ́ọ̀nù bọná, mo jókòó tì í bí adìyẹ tó ń sàba. Nọ́ńbà gbọọrọ lásán lorúkọ fídíò méjèèjì, ti Bàámi àti tèmi, èmi tíṣà ìṣirò ni mo wá ṣi nọ́ńbà mú. Orí mi ò!

Màámi wé gèlè, wọ́n jókòó. Mo tẹ̀ ẹ́. Àwòrán jáde, ohùn ò jáde. Ta ni mo rí? Èmi! Kí n tó sáré pa á, Màámi ti fa àga sún mọ́ ọn títí orúnkún wọn fi kan tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, "Yéè, bàbá yín mà kúnlẹ̀ fún mi!" Omi ń bọ́ lójú wọn. "Ẹ dìde, Bàbá wọn, mo ti dárí jì yín."

Kí lo fẹ́ kí n sọ? Mi ò lè jẹ́wọ́ pé èmi ni. Nínú fídíò tòótọ́, ṣebí o rántí, ńṣe ni Bàámi fẹ̀yìn ti àga, tí wọ́n ń lérí pé àwọn ò bẹ obìnrin rí láyé!

Wá lónìí, jọ̀ọ́. Wá yí Bàámi gan-an, tohùn tohùn. Mo mọ̀ pé tóhùn wọn bá ti jáde, Màámi á mọ̀ pé èmi ni wọ́n dárí jì lánàá. Kí wọ́n mọ̀. Kí wọ́n bú mi, kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín. Ojú wọn ò dúró dè wá, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ èmi ni wọ́n máa rò pé ọkọ àwọn ni títí ojú wọn fi máa ṣú.

Ṣé o gbọ́ wọn? Wọ́n tún ti ń pè mí, wọ́n ní kí n wá fi bàbá wa sí i. O tún ń rín? Gbé báàgì ẹ, kó o máa bọ̀!