Oúnjẹ Tí Mo Fún Kòkòrò Náà

Ìyàwó mi ti wọ káà ilẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí mo tún ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún nínú ilé mọ́, nítorí náà mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo ń se omi oúnjẹ tí wọ́n fi ń tọ́ kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní láàbù tí mo ti fẹ̀yìn tì. Dókítà obìnrin kan, ọmọ àná lójú mi, ń dán oògùn tuntun wò níbẹ̀. Bàbá Alásè ló máa ń pè mí. Ó ní, “Bàbá Alásè, oògùn yìí kì í lu kòkòrò pa o. Ilé ìdáná rẹ̀ ló ń tì pa. Fúnra rẹ̀ ló máa ń se amínò, èròjà tó fi ń kọ́ ara. Bí kò bá rí i sè, ebi á pa á kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi amínò kankan sínú omi rẹ̀.” Mo ní mo ti gbọ́.

Àmọ́ kòkòrò kì í tètè hù nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Omi mi mọ́ gaara nínú ìgò, bí ẹni pé n kò ṣiṣẹ́ kankan. Agbálẹ̀ wa ní, “Bàbá, ọwọ́ yín ti ń gbó. Kòkòrò pàápàá ò jẹ ọbẹ̀ yín mọ́.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra. Mo bu ìyẹ̀fun tí wọ́n fi wàrà ṣe, tí amínò kún inú rẹ̀, sínú ìkòkò. Kòkòrò hù, omi rú, wọ́n yìn mí. Ẹ wo àgbà òfìfo. Nígbà tí wọ́n da oògùn sí i, kòkòrò kò kú. Báwo ni ì bá ṣe kú? Wọ́n ti ilé ìdáná rẹ̀, èmi ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé àwo fún un. Dókítà tún un ṣe títí, pàbó ló já sí. Ó bi mí pé, “Bàbá, àbí ibì kan wà tí mo ti ṣìṣe ni?” Mo mọ ibẹ̀. Mo ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, Dókítà. Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń ṣiṣẹ́.” Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Wọ́n pa iṣẹ́ náà tì.

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ mú ìyàwó mi, irú èyí tí apá oògùn tó wà nílẹ̀ kò ká. Wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ó bi mí láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, “Bàbá wọn, ṣé kò tíì sí oògùn tuntun ní láàbù yín ni?” Mo ní kò sí. Ó ní kò burú, kí n lọ jẹun.

N kò lè búra pé oògùn náà ì bá gbà á là. Èmi ni mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Báyìí, bí mo bá wúkọ́, èmi náà ni mo ń kí ara mi pẹ̀lẹ́. Dókítà, bí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ wá ẹlòmíì tó máa se omi náà, kí ẹ tún dán oògùn yín wò.