Àbùkù Tí Mo Fi Sin Toyyibah

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. N kò fẹ́ gbé tèmi wọ sàréè.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní kílíníìkì kékeré kan n'Ibafo nígbà tí Sọ̀fíyátù gbé ọmọ rẹ̀, Toyyibah, wá láti Mowe lórí ọ̀kadà. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, kò tíì lọ́kọ. Nǹkan oṣù rẹ̀ wá, kò dá mọ́. Ìró ìdí rẹ̀ rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀, ètè rẹ̀ funfun, òòyì ń kọ́ ọ.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro: kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí n mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré, kí n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí n fa omi sí i lára, kí n sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. N kò ṣe ọ̀kankan. Mo dúró tì í bí ọlọ́pàá.

"Jẹ́wọ́! Ta ló bá ẹ ṣẹ́yún náà?"

"Mà, mi ò mọ ọkùnrin kankan. Ẹ jọ̀ọ́, òtútù ń mú mi."

Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í tètè dá, Nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n yọ eyín ẹ̀, ńṣe ló ń ṣàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Bó ṣe ń ṣe ìyá mi náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ tí ì bá gba ọmọ là rèé, èmi òpònú ní ìyá ń bo àṣírí ọmọ ni. Nígbà tí mo tó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, tẹ́ẹ̀sì náà fi hàn pé kò sí oyún. Mo pè é, kò dáhùn mọ́. Kí a tó gbé e dé ìta, ó ti kú mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

N kò tíì dé ibi tó burú jù. Àbúbákr, bàbá rẹ̀, sáré dé láti Ifọ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ló pa ọmọ mi?" Tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣì wà nínú àpò mi. Mo ní, "Oyún ló ṣẹ́, sà." Kò dúró kírun sí òkú ọmọ rẹ̀ lára. Ó lé Sọ̀fíyátù jáde nílé. Èmi ń bá iṣẹ́ mi lọ, wọ́n ń pè mí ní ènìyàn Ọlọ́run.

Ní báyìí, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára èmi tí nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni. Nọ́ọ̀sì kékeré tó gbà mí wọ ilé ìwòsàn, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ dì mú, kò bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí, ẹ tọ́jú ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Kí Sọ̀fíyátù foríjì mí, bó bá lè ṣeé ṣe. Gbémiga ọmọ mi, bí n kò bá lè dé Ifọ̀ mọ́, ìwọ ni kí o dọ̀bálẹ̀ fún Àbúbákr lójú gbogbo jàmáà, kí o sọ pé ìyá rẹ ló purọ́, Toyyibah kò lóyún rí.