Ẹ̀rọ Kámíọ̀ Tó Ń Lọ Sójú Omi

Láyé ìgbà tí àwọn Faransé ń ṣèjọba Dahomey, mo wọ kámíọ̀ akẹ́rù láti Basila lọ sí Manigri, mo sì gbọ́ ohun tí bàbá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan àti opó kan ń sọ lórí ògbólógbòó ẹ̀rọ tó wà láàárín wọn.

"Ọmọ mi, o ti tà á fún mi. Kí ló tún ń dà ẹ́ láàmú?"

"Inú kámíọ̀ ọkọ mi lẹ ti yọ ọ́, bàbá. Òun nìkan ló mọ ọwọ́ ẹ̀."

"Ẹ̀rọ tèmi kú láàárín odò lójijì, omi ń gbé wa lọ, aboyún méjì wà nínú ọkọ̀. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́. Irin ni irin."

Obìnrin náà gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ náà, ó gbọ́wọ́ kúrò, ó tún gbọ́wọ́ lé e.

"Ọkọ mi ò mọ̀wẹ̀," ló wí.

Títí dòní, gbólóhùn yẹn ò kúrò létí mi.

Nígbà tí a dé Manigri, mo sọ̀kalẹ̀, àmọ́ obìnrin náà ò dìde. Bàbá náà bi í pé:

"Ọmọ mi, ṣebí ibí lò ń bọ̀?"

"Ibí ni. Ṣùgbọ́n màá bá yín dé odò. Tó bá kọ̀ tí kò dún, màá bá a sọ̀rọ̀."